Láíkìn ara igi páìnì kì í ṣe àfòmọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìtòsí Aberdeen ní Skọ́tílándì ni a ń gbé. Igi páìnì ńlá kan wà lẹ́yìnkùlé wa, irú èyí tí ara rẹ̀ pọ́n lókè. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń rí nǹkan eléérú kan tó rí bí ewé, tó lẹ̀ mọ́ àwọn ẹ̀ka rẹ̀, ó sì jọ pé àwọn ẹ̀ka tí nǹkan náà pọ̀ sí jù ló ń kú. Bàbá kan ládùúgbò ní láíkìn ni, ó ní kí n fi bílíìṣì fọ̀ ọ́ dànù. Lójú tèmi, àfòmọ́ ló jọ, mo sì mọ ohun tí àfòmọ́ fojú igi obì bàbá mi rí nílé. Ọmọ mi ọmọ ọdún méjìlá náà tún gba iṣẹ́ àmúrelé bọ̀: kó fi irú láíkìn kan wé irú igi kan tó ń so kóònù, ìyẹn ohun líle oníìpẹ́ tí hóró páìnì máa ń wà nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé wa.

Ìdáhùn: Ẹ má fi bílíìṣì kàn án, ẹ má sì fi ọ̀bẹ họ ọ́. Láíkìn, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní lichen, kì í mu oje igi, kì í jẹ igi, òun kọ́ ló sì ń pa àwọn ẹ̀ka yẹn. Ẹ̀ka ló kọ́kọ́ kú, tàbí tó kọ́kọ́ pàdánù ewé, kí láíkìn tó rí àyè gbilẹ̀ sí i. Bí èèyàn bá bá igún lórí òkú ẹran, kò ní torí ẹ̀ sọ pé igún ló pa á. Igi yín lè máa ṣàìsàn lóòótọ́, n ó sì sọ ibi tí ẹ ó ti wo àìsàn ọ̀hún nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ àwọn méjèèjì dáadáa, nítorí ohun tí ẹ̀yin fẹ́ mọ̀ àti ohun tí ọmọ yín fẹ́ kọ, ibì kan náà ni wọ́n ti ń jáde.

Bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe igi yín, Pinus sylvestris ni, èyí tí wọ́n ń pè ní Scots pine lọ́dọ̀ yín níbẹ̀. Òun ni Skọ́tílándì mú ní igi orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní 2014. Nínú gbogbo páìnì ayé, òun ni ilẹ̀ tó tàn dé fẹ̀ jù: láti Skọ́tílándì àti Sípéènì títí wọ ìlà-oòrùn Sàìbéríà. Ẹ fa ewé rẹ̀ wò. Méjì-méjì ni abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń jáde láti inú àpò kékeré kan, ó ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà 3 sí 7, ó lọ́ díẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì fà sí búlúù. Èèpo ìsàlẹ̀ nípọn, ó sì sán; ti òkè pọ́n rúsúrúsú, ó ń bó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi bébà. Bí abẹ́rẹ́ bá jẹ́ mẹ́ta-mẹ́ta, páìnì mìíràn ni.

Ní ti láíkìn yẹn, èyí tí mo fura sí jù ni Hypogymnia physodes, ọ̀kan nínú àwọn tó wọ́pọ̀ jù lórí ẹ̀ka páìnì ní agbègbè yín. Ẹ má já a lára igi. Ẹ mú igi wẹ́wẹ́ kan tí atẹ́gùn ti já sílẹ̀, kí ẹ sì wá gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po mẹ́wàá. Òkè rẹ̀ yóò dà bí eérú. Àwọn apá rẹ̀ wú, àfi bíi pé ẹnì kan fẹ́ atẹ́gùn sí wọn, wọn kì í sì í fẹ̀ ju mìlímítà 2 tàbí 3 lọ. Bí ẹ bá fi abẹ réèsà gé ọ̀kan lábùú, ẹ ó rí i pé inú rẹ̀ ṣófo. Abẹ́ rẹ̀ dúdú tàbí kó ní àwọ̀ kọfí, ó ń dán, kò sì ní irun kankan. Lórí àwọn apá mìíràn, ẹnu ìparí á ká sókè bí ètè, ìyẹ̀fun funfun á sì wà nínú ètè náà. Bí ẹ bá rí irun dúdú wúruwùru lábẹ́ rẹ̀ bíi ti búrọ́ọ̀ṣì, Parmelia ni ẹ mú dání. Bó bá ń rọ̀ sílẹ̀ bí irùngbọ̀n àgbàlagbà, ẹ rọra fà á: bí awọ rẹ̀ bá já tí okùn funfun tó ń nà bíi rọ́bà sì kù láàárín, Usnea nìyẹn. Kò sí èyí tó ń jẹ igi nínú wọn.

Àlàyé kékeré kan fún ẹni tó bá ń kà á láti ilé: igi tí a ń pè ní "whistling pine" tí wọ́n ń gbìn yí ọgbà ilé-ìwé àti ilé ìjọba ká ní Nàìjíríà kì í ṣe páìnì rárá. Casuarina ni, igi olódòdó ni. Ohun tó jọ abẹ́rẹ́ lára rẹ̀, ẹ̀ka tín-ín-rín oníkókó ni. Bí ẹ bá fà á, á já ní oríkèé-oríkèé. Páìnì gidi tí wọ́n gbìn ní oko igbó ìjọba ní Nàìjíríà, Pinus caribaea ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká gbé àfòmọ́ wò, nítorí òun ló kó jìnnìjìnnì bá yín. Ewéko ni àfòmọ́, ó ní ewé tirẹ̀, ó ń so èso, ẹyẹ ń jẹ èso náà, hóró tó ń fà yìn-ìn sì ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀ka. Láti ibẹ̀ ni yóò ti ki gbòǹgbò bọ inú èèpo, títí yóò fi kan igi gan-an níbi tí omi ń gbà kọjá. Omi obì ló ń mu. Ìdí nìyẹn tí ojú ibi tó so mọ́ fi ń wú, tí apá ẹ̀ka tó kọjá ibẹ̀ sì ń gbẹ. Láíkìn yìí kò ní gbòǹgbò kankan. Èèpo òde tó ti kú ló fi ara mọ́, kò sì wọ ibi tí igi wà láàyè. Ẹ̀rí tó rọrùn jù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé yín: ẹ wo igi tí wọ́n fi ṣọgbà, tàbí òkúta etí ọ̀nà. Hypogymnia yìí kan náà ń hù lórí wọn. Pákó tó ti kú láti ogún ọdún kò ní oje tí ẹnikẹ́ni lè mu.

Kí ló wá ń jẹ? Ìmọ́lẹ̀, atẹ́gùn àti omi òjò. Láíkìn kì í ṣe ẹ̀dá kan ṣoṣo. Olú ni, tó fi ara rẹ̀ kọ́lé fún álígà, ìyẹn irú àwọn nǹkan aláwọ̀ ewé wíwẹ́ tó máa ń jẹ́ kí ògiri tí òjò ń pa yọ̀. Olú ni onílé, álígà ni agbọ́únjẹ. Nínú Hypogymnia, álígà náà ń jẹ́ Trebouxia. Ó ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn se irú ṣúgà kan, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni olú ń gbà jẹ. Olú ló ń dì í mú, tó ń pa á mọ́ lọ́wọ́ oòrùn líle, tó sì ń bá a gba omi dúró. Bí ẹ bá gé e fẹ́lẹ́ tí ẹ wò ó lábẹ́ awò amóhun-tóbi (microscope) ilé-ìwé, ẹ ó rí awọ òkè tó ki, ìlà álígà aláwọ̀ ewé lábẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà okùn olú funfun tó tú yẹ́yẹ́ bí òwú. Orúkọ tí a fún láíkìn, olú ló ni ín. Álígà ní orúkọ tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Simon Schwendener, onímọ̀ ewéko ọmọ ilẹ̀ Swítsálándì, ló kọ́kọ́ dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1867 pé ẹ̀dá méjì ni láíkìn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó fi láíkìn ṣiṣẹ́ ṣe nígbà ayé rẹ̀ ni kò gbà fún un. Ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì parí: ní 2016, Toby Spribille, onímọ̀ láíkìn, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé olú kejì, irú ti yíìsì, wà nínú awọ láíkìn onírun kan tí ń jẹ́ Bryoria.

Ibi tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ilé-ìwé ti ń ṣìnà nìyí. Wọn á kọ ọ́ pé láíkìn ń bá olú gbé, páìnì ń dá gbé. Irọ́ ni. Páìnì náà kò lè ṣe é láìsí olú. Àwọn olú kan máa ń fi okùn wọn wé ẹnu gbòǹgbò rẹ̀ bí ìbọ̀sẹ̀, wọ́n ń bá a wá fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, náítírójìn àti omi nínú ilẹ̀, òun náà ń fún wọn ní ṣúgà. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kó irúgbìn páìnì wá sí ọ̀pọ̀ ibi nílẹ̀ Áfíríkà, irúgbìn hù, ṣùgbọ́n ọmọ igi pọ́n, ó ràn, kò dàgbà, àfi ìgbà tí wọ́n bu ilẹ̀ tó ní olú náà láti abẹ́ páìnì àgbà wá pò mọ́ ilẹ̀ ibi ìtọ́jú ọmọ igi. Ẹ wo abẹ́ igi yín ní oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá: àwọn olú tó ń yọ níbẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ló so mọ́ gbòǹgbò rẹ̀. Nítorí náà, kí ọmọ yín má kọ pé ọ̀kan ní olú, èkejì kò ní. Kó kọ ibi tí olú wà. Lára láíkìn, olú ni ara fúnra rẹ̀, oúnjẹ sì wà nínú rẹ̀. Lára páìnì, igi ni ara, olú wà lẹ́nu gbòǹgbò.

Omi ló tún yà wọ́n sọ́tọ̀ jù. Páìnì ń fa omi láti inú ilẹ̀, ó ń gbé e gba inú àwọn ọ̀pá tín-íntìn-ìntín inú igi lọ sókè, ó sì ń ṣọ́ ọ lójú méjèèjì: ìda bo abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó sì ń pa àwọn ihò wẹ́wẹ́ ojú ewé dé bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá mú. Bí ara rẹ̀ bá gbẹ pátápátá, ó ti kú nìyẹn. Láíkìn kò ṣọ́ nǹkan kan. Kò ní ìda, kò ní ihò tó lè tì, kò ní ọ̀pá omi. Bí ojú ọjọ́ bá gbẹ, òun náà á gbẹ títí omi ara rẹ̀ á fi kù bí ìdá kan nínú mẹ́wàá, á máa fọ́ kẹ̀kẹ̀ lọ́wọ́, gbogbo iṣẹ́ inú rẹ̀ á dúró. Òjò tàbí ìrì á dé, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ á tún máa ṣiṣẹ́ lọ. Irú láíkìn tó ní álígà aláwọ̀ ewé bí èyí tilẹ̀ lè jí látinú ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ nìkan, láìjẹ́ pé omi kan kán sí i. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ẹ fi ń rí i tó tutù yọ̀yọ̀ láàárọ̀, tó sì dà bí òkú lọ́sàn-án.

Àìṣọ́ra yẹn ló sọ láíkìn di olófòófó afẹ́fẹ́. Ohun yòówù tó bá wà nínú òjò, ara rẹ̀ ló ń wọ̀ tààrà, kò sì ní ewé tí yóò wọ́ dànù. Páìnì máa ń tu abẹ́rẹ́ àtijọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì sí mẹ́rin, ìdọ̀tí tó ti kó jọ sínú wọn á sì bá wọn lọ. Ní ìgbà tí èéfín èédú ń kún ìlú ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, imí ọjọ́ inú rẹ̀ pa ọ̀pọ̀ láíkìn run. Ní 1970 ni àwọn onímọ̀ láíkìn méjì, Hawksworth àti Rose, gbé òṣùwọ̀n kan jáde, láti 0 dé 10, tí èèyàn lè fi wo àwọn láíkìn ara igi kó sì mọ bí èéfín imí ọjọ́ ṣe pọ̀ tó níbẹ̀. Hypogymnia wà lára àwọn tó lè fara da díẹ̀ nínú èéfín náà. Ohun tí kò fẹ́ ni àmóníà láti oko ẹran àti ajílẹ̀. Nítorí náà, bó bá jẹ́ pé Hypogymnia àti Usnea ni ẹ ń rí lára igi yín, àmì dáadáa ni. Bó bá jẹ́ láíkìn aláwọ̀ ìyeyè, Xanthoria, ló gba gbogbo ẹ̀ka, ẹ mọ̀ pé náítírójìn ti pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ yín. Lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì Chernobyl bú gbàmù ní oṣù kẹrin 1986, láíkìn orí ilẹ̀ ní Swídìn àti Nọ́wè gba májèlé sísíọ́ọ̀mù inú òjò sára, àgbọ̀nrín ilẹ̀ olótùútù (reindeer) tó ń jẹ láíkìn gbà á, ẹran àgbọ̀nrín tí àwọn Sámì, ẹ̀yà kan ní apá àríwá ibẹ̀, ń sìn sì di ohun tí a kò lè tà fún ìgbà pípẹ́.

Ìdàgbà àti bíbí ni mo máa fi kíá sọ. Ọmọ páìnì lè ga ní ìdajì mítà lọ́dún kan bí ilẹ̀ bá gbà á. Igi àgbà lè pé 300 ọdún, ó sì lè ga ju mítà 30 lọ. Láíkìn yìí ń fẹ̀ ní mìlímítà díẹ̀ lọ́dún. Èyí tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọ yín kì í ṣe ti ọdún tó kọjá; ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́ kí ojú yín tó ṣí sí i. Páìnì ń fi afẹ́fẹ́ fọ́n lúbúlúbú akọ rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù karùn-ún, ṣùgbọ́n ọdún tó tẹ̀ lé e ni akọ àti abo tó pàdé nínú kóònù, kóònù náà á sì gbó nígbà ìwọ́wé ọdún kejì yẹn, kí hóró abìyẹ́ tó fò jáde nígbà ìrúwé tó tẹ̀ lé e. Ìyẹ̀fun ètè Hypogymnia yàtọ̀: ekuru kọ̀ọ̀kan ní okùn olú àti álígà pọ̀, ó ti pé bí igi ẹ̀gẹ́ tí èèyàn gé lọ gbìn sí oko mìíràn. Òjò, atẹ́gùn àti ẹsẹ̀ kòkòrò ló ń gbé e kiri.

Ní báyìí, àwọn ẹ̀ka tó ń kú. Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí wọ́n wà. Páìnì fẹ́ràn ìmọ́lẹ̀ púpọ̀, ẹ̀ka ìsàlẹ̀ àti ti inú tí òjìji ti bò máa ń kú fúnra wọn, èyí kì í ṣe àìsàn. Igi wẹ́wẹ́ tó ti kú kì í tètè bó èèpo bíi ti òkè tó pọ́n, nítorí náà láíkìn rí ibi dúró sí lórí wọn. Ohun tó fa ìṣìnà yín gan-an nìyẹn. Bákan náà, abẹ́rẹ́ àtijọ́ tó di ìyeyè tó sì wọ́ láti inú ní oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá kì í ṣe ewu.

Ewu ni bí ẹ̀ka tí oòrùn ń tà sí bá ń gbẹ. Ẹ ka ọdún abẹ́rẹ́ rẹ̀: páìnì ń yọ ìpele ẹ̀ka kan lọ́dún, nítorí náà àlàfo láàárín ìpele méjì jẹ́ ọdún kan. Igi tó ní ìlera á ní abẹ́rẹ́ ọdún méjì ó kéré tán. Bó bá jẹ́ ti ọdún yìí nìkan ló kù lẹ́nu ẹ̀ka, tó wá rí bí ìrù kìnnìún, ẹ wo abẹ́rẹ́ ọdún tó kọjá ní oṣù kẹfà tàbí ìkeje. Bí ìlà pupa bá dì í lábùú, tí orí rẹ̀ gbẹ tí ìdí rẹ̀ sì wà ní tútù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Dothistroma, olú kékeré kan tó ń jẹ abẹ́rẹ́ páìnì, tó sì ti ń da igbó páìnì àtijọ́ Skọ́tílándì láàmú. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ fi tó Forest Research, àjọ ìwádìí igbó ìjọba, létí lórí TreeAlert, ìkànnì wọn tí a ti ń fi àìsàn igi sùn. Ẹ kó abẹ́rẹ́ tó ti bọ́ kúrò nílẹ̀, kí ẹ sì gé igbó tó há a mọ́ kí afẹ́fẹ́ lè gba àárín rẹ̀, nítorí ọ̀rinrin ni olú yẹn fi ń ràn.

Bí abẹ́rẹ́ kò bá ní ìlà, ẹ wo ilẹ̀. Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni da iyẹ̀pẹ̀ lé gbòǹgbò rẹ̀, gbẹ́ kòtò páìpù, tàbí gbé ọkọ̀ sábẹ́ rẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ta sẹ́yìn? Ṣé omi ń dúró níbẹ̀ nígbà òtútù? Ṣé iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nítorí yìnyín ń ṣàn dé ìdí rẹ̀? Ìwọ̀nyí ń pa gbòǹgbò kí òkè tó fi hàn. Bí olú bá so mọ́ ìdí igi náà gan-an, tàbí tí ẹ rí awọ funfun lábẹ́ èèpo ìdí rẹ̀, ẹ pe ẹni tó mọ iṣẹ́ ìtọ́jú igi, nítorí irú igi bẹ́ẹ̀ lè wó. Kí ẹ tó gé ohunkóhun, ẹ bi káńsù bóyá òfin dáàbò bo igi náà.

Bílíìṣì kò ní wo ọ̀kankan nínú èyí sàn. Á ṣàn dé ilẹ̀, á pa àwọn olú tó ń bọ́ igi yín. Ọ̀bẹ ní tirẹ̀ á dá egbò sí èèpo tó wà láàyè, àìsàn gidi á sì gba ibẹ̀ wọlé.

Fún ọmọ yín, ìdánwò kan wà tó dára ju àwòrán lọ. Kó ṣa láíkìn láti orí àwọn igi wẹ́wẹ́ tó ti já sílẹ̀, tó gíráàmù 5, kó sì já abẹ́rẹ́ páìnì tútù gíráàmù 5. Kó tẹ́ láíkìn síbi tí kò sí hítà fún ọjọ́ méjì kó gbẹ, kó tó wọ̀n ọ́n. Bó bá wọ̀n ọ́n nígbà tó ṣì tutù, ìyàtọ̀ kò ní hàn. Kó rẹ méjèèjì sínú omi lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó fi tíṣù nù wọ́n dáadáa, pàápàá abẹ́rẹ́, nítorí omi máa ń há sí àárín wọn, a sì máa tan sìkéèlì jẹ. Ìwúwo láíkìn lè di ìlọ́po méjì, àwọ̀ rẹ̀ á sì yí láti eérú sí ewé. Abẹ́rẹ́ kò ní fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Kó kọ ìwúwo ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí sílẹ̀, kó sì sọ pé ìda ló dá omi dúró lára ọ̀kan, èkejì kò sì ní ìda. Bó bá parí, kó da láíkìn náà padà sábẹ́ igi, nítorí kò tíì kú.